Àwàdà àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́: báwo ni mo ṣe lè fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi?

TíṣàṢakí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 níbí ní Ṣakí. Ọmọ 23 ni wọ́n, láptọ́ọ̀pù mẹ́fà la ní, Linux ló wà lórí gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n tẹ "cat" kí wọ́n fi ṣí fáìlì kan. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, ológbò wo ló fẹ́ kà á fún wa?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ṣàlàyé pé wọ́n gé e kúrò lára ọ̀rọ̀ gígùn kan ni, "concatenate", ìyẹn ni pé kí a so nǹkan mọ́ nǹkan. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ tí "cat" ń ṣe mọ́. "ls" tó ń to orúkọ fáìlì jáde, tí mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn ńkọ́? Wọ́n ṣì ń bi mí léèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ́kọ́ dá nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré, wọ́n sì máa ń kọ ètò kéékèèké tí kò níṣẹ́ méjì ju kó pani lẹ́rìn-ín lọ. Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ọ̀nà yìí lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Èwo ni kí n mú? Èwo ló ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Èwo ló máa yé ọmọ ọdún 14 tó gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ má dá mi dá a.

BàbáTẹ́mínà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, Olúwa á bá yín ṣe é. Ìdí orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí orúkọ kò gba iná, kò sì jẹ dátà.

Ẹ mú Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Yunifásítì MIT, ilé ìwádìí Bell Labs àti ilé-iṣẹ́ General Electric ni wọ́n jọ ń ṣe ètò ńlá kan tí wọ́n pè ní Multics. "Multi" ni ọ̀pọ̀. Ní 1969, Bell Labs yọwọ́ níbẹ̀. Ken Thompson àti Dennis Ritchie pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá bẹ̀rẹ̀ kékeré tiwọn, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un sì ni Unics. "Uni" ni ẹyọ kan. Multics fẹ́ ṣe gbogbo nǹkan fún gbogbo èèyàn, Unics fẹ́ mú ẹyọ kan kó ṣe é yanjú. Ó tún ku ibì kan: bí ẹ bá pe Unics sókè, bí ìgbà téèyàn ń pe ìwẹ̀fà lédè Gẹ̀ẹ́sì ló ń dún létí. Multics tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nìyẹn. Ẹ lè fo ibẹ̀ yẹn fún àwọn ọmọ SS1, àmọ́ ẹni tó bá ti ka ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ nínú wọn á kúkú rí i fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, "bash". Tiwọn nìyí gan-an. Stephen Bourne ti Bell Labs ló kọ Bourne shell, ètò tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa tó sì ń gbé e fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 1989, Brian Fox gbé òmíràn jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bourne-Again Shell. Ẹ ní kí wọ́n pè é sókè. "Born again"! Shell àtúnbí! Ọmọ wo ló wà ní Ṣakí tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ "born again"?

GNU, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ Unix, ni kí ẹ wá fi kádìí ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní September 1983 ni Richard Stallman kéde rẹ̀, ohun tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró fún ni "GNU's Not Unix", pé GNU kì í ṣe Unix. Ẹ bi ọmọ kan pé kí ni G dúró fún. Á ní, "GNU." Kí ni G tó wà nínú GNU yẹn? "GNU." Òun náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí àárẹ̀ á fi mú wọn, kí ẹ tó wá sọ fún wọn pé irú iṣẹ́ tó máa ń pe ara rẹ̀ yìí wà nínú kóòdù, àti pé bí a kò bá fún un níbi tí yóò ti dúró, á pe ara rẹ̀ títí iyè kọ̀ǹpútà á fi kún. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ya àwòrán fún àwọn ọmọṣẹ́ mi lórí ọ̀rọ̀ recursion. Ọjọ́ tí mo lo GNU ni gbogbo wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ará MIT pàápàá ti ń bá irú eré yìí bọ̀ kí Stallman tó kéde GNU. EMACS wà, tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Ẹnì kan ṣe EINE, "EINE Is Not EMACS". "Eine" ni ẹyọ kan lédè Jámánì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ZWEI, ìyẹn èjì: "ZWEI Was EINE Initially", pé ZWEI, EINE ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣe tiwọn ní Yorùbá. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ilé wọn.

ỌmọÌkirè

Tíṣà, ẹ fi "sl" àti "cowsay" sí orí láptọ́ọ̀pù yẹn. Ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ wa fáìlì .deb wọn, èyí tí a fi ń gbé ètò sórí Linux, sórí fláàṣì, ó parí. Wọn ò tóbi rárá.

"sl" ni idán fún ẹni tó ń gbàgbé "ls". Toyoda Masashi ni ará Japan tó kọ ọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá yára tó ṣi "ls" tẹ̀, tó tẹ "sl", ọkọ̀ ojú irin elééfín á yọ láti apá ọ̀tún, á máa fọn èéfín lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa wọlé sápá òsì, o ò sì ní rí nǹkan kan ṣe títí yóò fi kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, o ò ní ṣi "ls" tẹ̀ mọ́ láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín yẹn, ọkọ̀ ojú irin á parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"cowsay" ní tiẹ̀, màlúù ni yóò máa sọ ohun tí ẹ bá ní kó sọ, ọ̀rọ̀ náà á sì wà nínú àpótí lókè orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n ní kó sọ "Ẹ kú iṣẹ́". Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ìlà apá ọ̀tún àpótí yẹn yẹ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà. Ẹ má ṣe tún un ṣe fún wọn! Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á. Lẹ́tà "ẹ́" tí ojú wa rí gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, méjì ni lójú kọ̀ǹpútà: "ẹ" lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀. Bí a bá sì kọ ọ́ sínú fáìlì ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi nọ́ńbà tọ́jú lẹ́tà, "ẹ" gba byte mẹ́ta (byte ni ẹyọ àyè nínú iyè kọ̀ǹpútà), àmì òkè gba méjì, márùn-ún lápapọ̀, níbi tí "e" lásán ti gba ẹyọ kan. Ètò tó bá ka iye yẹn dípò ohun tí ojú rí á fa ìlà rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Ohun tí mo fi ọdún kan wá ní yunifásítì nìyẹn, màlúù ló sì kọ́ mi.

ÌyáTáíwò

Mo kí gbogbo ilé. Yorùbá lèmi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn eré yìí tí mo ti lò ní kíláàsì tèmi láìsí kọ̀ǹpútà kankan, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tinú tẹ̀yìn.

Ní 1952, ní Yunifásítì Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Christopher Strachey kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà Ferranti Mark 1 tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ẹ rò ó wò: kọ̀ǹpútà tó wà láyé nígbà yẹn kò tó nǹkan, owó tí wọ́n fi rà á kò ṣeé fẹnu sọ, ẹnì kan wá jókòó tì í, ó ní kó kọ̀wé sí olólùfẹ́. Lẹ́tà náà á fi orúkọ ìkẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀, á sọ gbólóhùn mélòó kan, á wá fọwọ́ sí i lábẹ́ pé M.U.C., ìyẹn Manchester University Computer.

Egungun gbólóhùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Èkíní kúrú: "Ìwọ ni báyìí-báyìí mi." Èkejì gùn: nǹkan tèmi kan, irú èyí tó jẹ́, bó ṣe ń ṣe é, ohun tó ń ṣe, nǹkan tìrẹ kan, irú èyí tó jẹ́. Àyè òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á wá mú ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ, bí ẹni ń ṣẹ́ gègé, torí Alan Turing ti ní kí wọ́n fi ohun tó ń mú nọ́ńbà láìnídìí sínú ẹ̀rọ ọ̀hún.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo gé páálí bisikíìtì sí wẹ́wẹ́, mo wá abọ́ mẹ́fà, mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yí lẹ́tà ìfẹ́ padà sí lẹ́tà sí màmá àgbà, kí ọ̀rọ̀ má baà dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ to abọ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣíwájú. Ó gbé "gbígbóná ikùn mi" jáde. Àwọn fúnra wọn ló pariwo pé, "Mà, kò dún!" Mo ní kí wọ́n tún un tò. Wọ́n jà, wọ́n rojọ́, wọ́n gbé abọ́ síbí, wọ́n gbé e sọ́hùn-ún, títí tí wọ́n fi rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń ṣíwájú, "mi" á tẹ̀ lé e, ẹ̀yán á wá gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní gírámà, n kò rí ọmọ tó fi irú agbára bẹ́ẹ̀ jà lórí ẹ̀yán rí.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́yìn náà nìyí:

"Ikùn mi gbígbóná ń fi sùúrù retí ọbẹ̀ yín dídùn."

Èyí tó tẹ̀ lé e ni: "Etí mi rírọ̀ ń fi ìbẹ̀rù fọ ẹ̀rín yín gíga." Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ti béèrè pé ṣé a kò lè sọ fún abọ́ pé aṣọ nìkan ni kó máa fọ̀. Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn! Wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà wọn pé A.K.K., Abọ́ Kíláàsì Kejì.

Ìmọ̀ràn mi kan: ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú abọ́ pọ̀. Mẹ́jọ-mẹ́jọ nínú abọ́ mẹ́fà ti tó gbólóhùn 262,144. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.

Kọ́láHouston

Màmá Táíwò, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un fún àwọn ọmọ tó bá rò pé eré àti iṣẹ́ gidi kò lè gbé pọ̀.

Kóòdù tí wọ́n fi gbé èèyàn gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 20 July 1969 wà níta báyìí, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní MIT ló kọ ọ́. Apá tó ń tan iná sí ẹ́ńjìnnì, orúkọ tí wọ́n fún un ni BURN_BABY_BURN. Magnificent Montague, ẹni dúdú tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ ní Los Angeles, ló máa ń pariwo gbólóhùn yẹn lórí rédíò, àwọn èèyàn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ nígbà rògbòdìyàn Watts ní 1965. Ẹ ò rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn? Ó kúrò lórí rédíò bọ́ sí ìgboro, ó ti ìgboro wọ inú ọkọ̀ òfuurufú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá eriali radar tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀ wà ní ipò tó yẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, á bẹ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pé kó yí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn, òǹkọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí arìnrìn-àjò náà jọ̀ọ́ yí nǹkan wérewère ọ̀hún. Lẹ́yìn ìlà díẹ̀, níbi tí arìnrìn-àjò ti dáhùn pé òun ti yí i, tí kọ̀ǹpútà sì ń padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "SEE IF HE'S LYING", kí a wò ó bóyá irọ́ ló ń pa. Àwàdà ni, òótọ́ sì ni: ètò tó dáa kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kí àwọn ọmọ sọ ìdí tí ìlà yẹn fi ṣe pàtàkì fún ẹ̀mí ẹni méjì tó wà nínú ọkọ̀. Ibòmíràn tún wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "TEMPORARY, I HOPE HOPE HOPE" sí, pé fún ìgbà díẹ̀ ni, mo retí, mo retí, mo retí. Bẹ́ẹ̀ náà ló bá wọn lọ. Gbogbo ẹni tó ti kọ kóòdù rí ló mọ irú ìrètí yẹn.

ÀdùkẹÌkejà

Ẹ̀yin ará, gbogbo rẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ sí i, Tíṣà.

Ní MIT ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ètò kan wà lórí Multics tó máa ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, á ní òun ń fẹ́ kúkì. Bí o bá dákẹ́, á tún béèrè. Àfi kí o tẹ "cookie" kó tó fi ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu ni. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ kan tó ní ọpọlọ pípé fi irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣírò owó, lọ́jọ́ tí wọ́n ń san owó oṣù. Kò bá nǹkan kan jẹ́. Síbẹ̀ wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn, ọdún méjì ló sì fi wà lábẹ́ ojú burúkú. Ó dùn mí títí di òní, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé eré ní ààlà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ètò kankan hàn wọ́n, ẹ fún wọn ní òfin: kọ̀ǹpútà tìrẹ tàbí ti ẹni tó gbà ọ́ láyè, kí ọ̀nà tí yóò fi dúró sì hàn kedere. Ìtàn Creeper á ràn yín lọ́wọ́. Ní 1971, Bob Thomas ní ilé-iṣẹ́ BBN kọ ètò kan tó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, tó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni Creeper, ẹ mú òun bí ẹ bá lè mú òun. Ray Tomlinson wá kọ Reaper láti máa lé e kiri. Ẹni tó dá eré sílẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun kejì ni ELIZA, èyí tí Joseph Weizenbaum gbé jáde ní MIT ní 1966. Bí dókítà tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ló ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni ló ń yí padà síni: "Ìyá mi ń bínú" á di "Kí ló dé tí o fi ní ìyá rẹ ń bínú?" Weizenbaum fúnra rẹ̀ sọ pé akọ̀wé òun, tó mọ̀ dájú pé ètò lásán ni, ní kí òun jáde kúrò nínú yàrá kó lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá a ṣeré, kí ẹ wá ṣí inú rẹ̀ hàn wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n rí ibi tí "mi" ti ń di "rẹ". Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i kò ní máa tú àṣírí ilé fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_C

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, òótọ́ lẹ sọ. Tíṣà, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ INTERCAL! Ní 1972, Don Woods àti James Lyon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Princeton, jókòó, wọ́n ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí kò ní jọ èdè kankan. Nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa sọ "PLEASE", ẹ jọ̀ọ́. Bí o kò bá sọ ọ́ tó, kọ̀ǹpútà á ní o kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kò ní gba iṣẹ́ rẹ. Bí o bá tún sọ ọ́ jù, á ní àpọ́nlé rẹ ti pọ̀ jù, kò ní gbà á náà. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé kankan fún wọn. Ọmọ tó ti ṣe "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà" títí tí bàbá rẹ̀ fi bi í pé kí lo ti bàjẹ́, yóò ti mọ̀.

ỌmọÌkirè

Fún ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹyẹlé. Ní 1 April 1990, David Waitzman fi àwàdà kọ RFC 1149 (RFC ni wọ́n ń pe ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì), bí a ṣe lè fi ẹyẹlé gbé dátà íntánẹ́ẹ̀tì. Ní April 2001, àwọn ará Bergen ní Norway ṣe é ní tòótọ́: wọ́n rán mẹ́sàn-án, èsì mẹ́rin ló padà, èyí tó sì yára jù nínú wọn gbà tó ìṣẹ́jú 53. Bí wọ́n bá tún ń ráhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ ń fà, ẹ sọ ìyẹn fún wọn, kí ẹ wá kọ́ wọn ní "ping", àṣẹ tó ń wọn àkókò tí dátà fi lọ tó fi bọ̀.

TíṣàṢakí

Ẹ̀yin ará mi, n kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà yìí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti kọjá, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní "ls" mọ́. Iṣẹ́ ilé tí Bàbá fún wọn dá ìjà sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan mú ILÉ wá: "ILÉ Làbọ̀ Ẹni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn dìde pé kò gbà, pé lẹ́tà tó kẹ́yìn ILÉ kò ní àmì nísàlẹ̀, pé Ẹ kì í ṣe E. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó béèrè ológbò ló yanjú rẹ̀: "ILÉ Làbọ̀ Eléré." Mo ti kọ ọ́ sára ògiri.

Wọ́n ti wá dá tiwọn sílẹ̀ báyìí, ètò tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ tó ń fọ ẹ̀nà, irú èyí tí a máa ń fi "g" sí láàárín ọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. "Mo fẹ́ lọ" di "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ó dáa títí wọ́n fi tẹ "Mo ń jẹun". "Jẹun" di "jẹgẹugun", "ń" sì wà níbẹ̀ ní ìhòòhò. Gbogbo wọn mọ̀ pé "jẹgẹungun" ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. Èmi náà ń rò ó.

BàbáTẹ́mínà

Tíṣà, inú mi dùn dé ọkàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi "unicodedata" inú Python tú gbogbo ọ̀rọ̀ sí NFD, ìyẹn ni pé kí àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn dá dúró, kí wọ́n wá ka fáwẹ̀lì àti gbogbo àmì tó bá tẹ̀ lé e sí ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè lórí gbogbo "n" tí wọ́n bá bá pàdé. Ṣé fáwẹ̀lì ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Kọ́ńsónáǹtì ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣé fáwẹ̀lì ló wà níwájú rẹ̀, tí kò sì sí fáwẹ̀lì lẹ́yìn rẹ̀? Ara fáwẹ̀lì yẹn ni, kí wọ́n gbé wọn lọ pọ̀. Ṣé ó dá wà? Sílébù ni lódindi. Lọ́dọ̀ tiwa, "ńgí" là ń pè é nínú ẹ̀nà. Kí wọ́n fi "nǹkan" sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, ọ̀ràn tirẹ̀ le.

Bí wọ́n bá ṣe tán, kí wọ́n tẹ "Ó ń rìn nínú òkùnkùn" wọlé, gbogbo oríṣi "n" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Bó bá gbé "Ógó ńgí rìngìn nígínúgú ògòkùngùnkùngùn" jáde, ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì gbé kóòdù wọn síbí kí gbogbo wa rí i.